Kúkúrú Méjì, Gígùn Kan

Láti kékeré ni ìdí Twyla Hensley kò ti gbélẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé ọmọ náà ti ń rìn kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó, gbogbo ilé a sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá náà kì í rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló ń sá tẹ̀lé e. Nígbà tó dàgbà, ó ṣe nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ tó jẹ́ pé láti ibùsùn dé ibùsùn ni èèyàn ń rìn. Wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan, kó máa jókòó sí ọ́fíìsì, ó kọ̀. Nígbà tí yóò tún yan ọkọ, awakọ̀ ló yàn. Burl Hensley ń fi ọkọ̀ ńlá kó èédú sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn òkè Kentucky, Twyla sì rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọkùnrin tó ń fi ojoojúmọ́ rìn kò ní í dá obìnrin jókòó. Kò mọ̀ pé ẹni tó bá ti wakọ̀ títí tó fi hewú, àga lásán ló ń wù ú.

Àga náà ni Burl kọ́kọ́ rà nígbà tó fẹ̀yìn tì, irú èyí tí wọ́n ń ká pọ̀, tó ní ojú ihò tí wọ́n ń gbé ife kọfí sí. Twyla ní tirẹ̀ ra ilé onítáyà tí píkọ́ọ̀pù ń fà lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n máa lọ. Bí wọ́n ṣe di olùtọ́jú àgọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ náà kò lówó nínú. Ìjọba á fún ọ ní àyè tí o máa gbé ilé rẹ sí nínú igbó, wọ́n á fún ọ ní omi àti iná, ìwọ náà á máa gbá eérú ibi tí àwọn apàgọ́ ti dáná, wàá máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wàá máa sọ fún àjèjì pé kó má fi ẹran sílẹ̀ lórí tábìlì nítorí béárì, tí ariwo bá sì pọ̀, ìwọ ni wàá lọ pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ Twyla, nítorí pé bí wọ́n bá ti pẹ́ díẹ̀ ní àgọ́ kan, wọ́n á tún dí ẹrù lọ sí òmíràn.

Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe òkúta. Orúnkún Burl kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, lẹ́yìn náà wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i láyà kí ọkàn rẹ̀ lè máa lù déédéé. Ó ní ó ti tó òun. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Maxine, ti bá wọn rí ilé kékeré kan ní Paducah, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí ẹní, tí èèyàn ń rí ẹni tó ń bọ̀ wá kí i láti ìdajì wákàtí ṣáájú. Ilé làbọ̀ sinmi oko, àwọn àgbà kò purọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò sọ ohun tí èèyàn máa ṣe tó bá jẹ́ pé oko gan-an ló ń wù ú. Twyla fi ọwọ́ sí i. Ọkùnrin kan yóò wá ra ilé onítáyà náà ní ìparí oṣù karùn-ún. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ọkọ rẹ̀ fún: kí wọ́n lo ìgbà ìrúwé tó kẹ́yìn yìí ní àgọ́ Hickory Prong, lórí òkè Carolina.

Orí òkè yẹn ni wọ́n bí Orpha, ìyá-ìyá rẹ̀, sí, kí ìjọba tó ra àfonífojì náà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ di igbó. Ilé wọn ti wó tipẹ́. Orpha máa ń sọ pé ààrò olókùúta nìkan ló kù, àti òdòdó dáfódíìlì tí ìyá òun gbìn yí ilé ká, èyí tó pọ́n bí ìyeyè, tí kì í kú, tó jẹ́ pé ọdọọdún ló ń yọ níbi tí kò sí ẹni tó máa wò ó. Twyla ti sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá fojú kan ààrò yẹn, tí òun sì jókòó síbẹ̀, ara òun á lélẹ̀ nígbẹ̀yìn, òun á lè bá Burl lọ sí Paducah bí èèyàn gidi. Bí òun kò bá rí i ńkọ́? Ibẹ̀ ló ti máa ń dìde kúrò nídìí tábìlì, á ní òun ń lọ wo bóyá bébà ti tán ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Òjò ọdún yẹn kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ó rọ̀ láàárọ̀, ó dá, ó tún bẹ̀rẹ̀ kí aṣọ tó gbẹ. Odò tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ náà pọ́n bí omi ẹ̀kọ tó jóná, orí òkúta ń yọ̀, àwọn ẹranko kékeré tó jọ ọmọńlé, tó pupa bí ata, sì ń jáde wá sójú ọ̀nà bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ni ín. Ojoojúmọ́ ni Twyla ń parí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìkánjú, á gbé ọ̀rá tó fi ń ṣa pàǹtírí sí àpò, á wọ bàtà òjò rẹ̀.

"Ìyàwó, ibo tún ni?" Burl á bi í láti orí àga rẹ̀ lábẹ́ ìbòrí tápólì, níbi tó ti ń se ẹ̀wà.

"Òkè."

"Òkè ò níí sá lọ."

"Òdòdó ló máa sá lọ. Tí oṣù yìí bá tán, ewé lásán ni màá bá níbẹ̀."

"Ó dáa. Bá mi wá àlùbọ́sà igbó bọ̀, mo fẹ́ fi din pòtétò."

"Kí gbogbo ilé lè máa rùn títí a ó fi dé Paducah."

"Maxine ò mọ̀ ọ́ ní olóòórùn dídùn tẹ́lẹ̀."

Á lọ. Kò ní í tíì jìnnà tí fèrè píkọ́ọ̀pù á fi dún: kúkúrú méjì, gígùn kan. Fèrè àwọn awakọ̀ eléèédú nìyẹn, èyí tí wọ́n ń fọn bí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà ti rọ́ mọ́ ara òkè, tí wọn kò rí ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Burl kò ní lè tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ gun òkè, orúnkún rẹ̀ kò gbà, nítorí náà ó ń tẹ fèrè. Yóò dìde, yóò tiro dé ibi píkọ́ọ̀pù, yóò na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì padà sídìí ẹ̀wà. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, á tún lọ tẹ̀ ẹ́. Títí Twyla á fi wálé kò ní í yéé tẹ̀ ẹ́.

Twyla kórìíra fèrè yẹn. Á wà lókè lọ́hùn-ún, láàárín igi tí ewé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú, tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, fèrè á dún, ó máa ń ṣe é bí ẹni pé wọ́n fa okùn tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Burl, ṣé adìẹ ni mí tí o fi ń pè mí wọlé?"

"Adìẹ máa ń wálé tí wọ́n bá pè é."

"Mi ò sọ̀rọ̀ eré."

"Èmi náà ò sọ̀rọ̀ eré. Mò ń tẹ̀ ẹ́ kí o lè mọ ibi tí ilé wà ni."

"Mo mọ ibi tí ilé wà. Ìyẹn gan-an ni wàhálà mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Burl wò ó, ó tú ẹ̀wà sí abọ́ fún un, ó gé búrẹ́dì àgbàdo lé e lórí. Twyla kò rí bó ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà.

Ẹni tó wá bá a yanjú ọ̀rọ̀ fèrè ni Ọ̀gbẹ́ni Prentiss, ọkùnrin kan tó ti ìlú Charlotte gbé ọkọ̀ ńlá kan wá, ọkọ̀ tí ilé wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ajá kékeré tó ní aṣọ òjò tirẹ̀. Ó ní dókítà ló ní kí òun wá gbé níbi tó pa rọ́rọ́. Twyla ti lọ bá a lọ́jọ́ tó dé pé kó pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, pé ó ń dí àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ìyẹn kò bínú, ó pa á. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ó ku díẹ̀ kí Twyla mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, mà," ni Prentiss wí nígbà tó bá a níbi tó ti ń gbá eérú. "Ẹ ní kí n pa jẹnẹrétọ̀ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ ṣeun."

"Họ́ọ̀nù yẹn ńkọ́?"

"Ọkọ mi ni, sà."

"Mo mọ̀ pé ọkọ yín ni, mà. Mo rí wọn. Mò ń béèrè ni pé ṣé tiwọn kì í ṣe ariwo?"

Prentiss tọ́ka sí ajá náà. "Kò jẹun láti àná. Tó bá ti dún, á kó sábẹ́ ibùsùn."

Ó lọ fẹjọ́ sun Dana Whitlow, aṣọ́gbó tó ń mójú tó àgọ́ náà. Whitlow kò ju ọmọ tí wọ́n lè bí lọ lọ́jọ́ orí, ojú sì ń tì í bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Mísì Twyla, ẹ mọ̀ pé bíi bàbá ni Místà Burl jẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n a ò lè máa sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n dákẹ́ kó wá jẹ́ pé àwa là ń fọn fèrè. Ẹ bá mi fọgbọ́n sọ fún wọn."

Twyla ní kò sí wàhálà. Inú rẹ̀ dùn. Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an, bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá bá ọ lé àlejò tí o kò lè lé fúnra rẹ. Kò tiẹ̀ fọgbọ́n sí i. Ó lọ bá Burl lórí àga, ó ní ìjọba ti ní kó má fọn fèrè mọ́.

Burl rò ó díẹ̀. "Tí kùrukùru bá sọ̀ ńkọ́?"

"Mo ní ojú."

"Kí lo fẹ́ fi ojú ṣe nínú kùrukùru? Etí lèèyàn ń lò níbẹ̀."

"Burl, mo bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kí n rìn. Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré, jẹ́ kí n rìn láìsí ẹni tó ń pè mí."

"Ó dáa," ni Burl wí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ píkọ́ọ̀pù lápò, èyí tí fèrè kì í dún láìsí i, ó fi lé e lọ́wọ́ kó má baà di pé òun gbàgbé. Àbùkù tó wà nínú fífi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ yẹn, Twyla rí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń yún un.

Lọ́jọ́ kejì, òjò dá díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Twyla sì gba òkè lọ bí ọmọ tí wọ́n tú sílẹ̀ ní iléèwé. Ó fo odò lórí àwọn òkúta, omi ti fẹ́ bò wọ́n. Ó dé ibi igbó kan tí igi kéékèèké ti fọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè é ní ọ̀run àpáàdì, nítorí àwọn ọdẹ tó ti wọ ibẹ̀ tí wọn kò jáde. Gbogbo ìgbà tó ti wá, ó máa ń dé ibẹ̀ ni fèrè á dún, á bínú, á padà. Lọ́jọ́ yìí fèrè kò dún. Ó fi ìkúnlẹ̀ rá wọ abẹ́ igi náà, ó rá, ó rá, ẹrẹ̀ kún un lọ́wọ́, ó sì jáde sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́ díẹ̀.

Ó rí nǹkan kan tó pọ́n nílẹ̀. Ọ̀rá bisikíìtì ló pè é. Ó ti fa ọ̀rá pàǹtírí rẹ̀ yọ, ó ti ń bú ẹni tó jù ú síbẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Òdòdó ni. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn sì tún wà, òjò ti lù wọ́n dojú bolẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tò lọ ní ìlà gbọọrọ, wọ́n ṣẹ́ kọ́nà, wọ́n tún tò lọ. Ògiri ilé Orpha ni wọ́n ń tẹ̀lé, ògiri tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ààrò náà wà ní igun kan, ìdajì rẹ̀ ti wó, igi kan sì ti hù láti ibi tí iná máa ń wà tẹ́lẹ̀.

Twyla wọlé láti ibi tó rò pé ẹnu ọ̀nà wà. Ó jókòó sórí òkúta iwájú ààrò. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń retí pé kí ara òun lélẹ̀.

Ara kò lélẹ̀. Ó wo òdòdó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì. Ó rẹwà, ó sì rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó yẹ kó wà nínú ilé náà ti lọ, òdòdó nìkan ló ṣẹ́kù tó ń ṣọ́ ilé. Ó wá rí i pé ohun tí òun ń ṣe láti ìgbà tí òun ti jókòó ni pé òun ń ro bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún Burl. Bí ọ̀rá bisikíìtì yẹn á ṣe pa á lẹ́rìn-ín. Ó gbé etí sókè, ó ń dúró. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó mọ̀ pé fèrè ni òun ń dúró dè.

Kùrukùru ti sọ̀. Kò rí i nígbà tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n igi tó wà lẹ́yìn ààrò kò sí mọ́, ìlà òdòdó náà sì dópin nínú nǹkan funfun kan. Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó lọ sí apá ibi tó gbà wá, kò rí ibi tó ti rá jáde. Ó yí ká, ó tún bá ara rẹ̀ nídìí ààrò. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ti fi ń rìn lórí òkè yìí, ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Òun kò mọ̀ ọ́n rárá. Etí òun ló mọ̀ ọ́n, fèrè tí òun ń bú ló ń sọ fún ẹsẹ̀ òun pé ìsàlẹ̀ wà ní apá báyìí, ilé wà ní apá báyìí. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì tún ń bínú, ìbínú náà kò sì rí ẹni tó máa bà lé ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Omi kì í gun òkè. Ohun tí Orpha kọ́ ọ nìyẹn, ohun tó sì tẹ̀lé nìyẹn. Ó wá ibi tí omi òjò ti ń ṣàn, ó tẹ̀lé e wọ inú ìṣàn kékeré, ìyẹn mú un dé odò, ó sì ń fi ọwọ́ gbá igi mú lọ́kọ̀ọ̀kan létí odò náà títí ó fi gbúròó ajá Prentiss. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó sọdá odò wọ àgọ́. Aṣọ rẹ̀ ti ya, bàtà rẹ̀ kún fún omi, ó sì ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa fi tọrọ àforíjì.

Àga Burl ṣófo. Ẹ̀wà ti jóná mọ́ ìdí ìkòkò, iná gáàsì sì ṣì ń jó lábẹ́ rẹ̀. Burl Hensley kì í fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná. Twyla pa iná náà, ó pe orúkọ rẹ̀, ó wọ inú ilé onítáyà, ó jáde. Ọ̀pá rẹ̀ kò sí. Aṣọ òjò Twyla, èyí tó nípọn, tó fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà nítorí pé òjò ti dá nígbà tó ń lọ, kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Prentiss jáde sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀. "Mà, ẹ ti dé? Ṣé ẹ pàdé bàbá?"

"Pàdé rẹ̀ níbo?"

"Wọ́n ní àwọn ń mú aṣọ òjò lọ fún yín. Ó ti tó ìgbà díẹ̀. Wọ́n gba ibẹ̀ yẹn lọ." Ó tọ́ka sí ọ̀nà òkè.

"Ẹ wá jẹ́ kó lọ?"

"Mà, mi ò mọ̀." Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Mo tiẹ̀ kí wọn pé wọ́n kú eré ìdárayá."

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kì í ṣiṣẹ́ ní àfonífojì yẹn. Prentiss ní afárá tó lọ sí ọ̀dọ̀ Whitlow ti wọ inú omi láti ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó lè jáde. Ọkọ rẹ̀ wà nínú igbó yẹn pẹ̀lú orúnkún kan àti àyà tó ń fi ẹ̀rọ lù, ẹsẹ̀ Twyla méjèèjì sì ti ń sáré lọ kí orí tó sọ nǹkan kan. Ó ti dé etí odò kó tó dúró. Gbogbo ara ló ní kó lọ. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá wọ igbó tọ̀ ọ́ nínú kùrukùru yìí, èèyàn méjì ni yóò sọnù, kò sì ní sí ẹnikẹ́ni tó máa wà nílé láti pè wọ́n.

Ó padà. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ píkọ́ọ̀pù, ó jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, ó tẹ fèrè. Kúkúrú méjì, gígùn kan. Ó dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Prentiss sáré wá nínú òjò láìní bàtà. "Mà, èmi náà á lọ tẹ tèmi. Tèmi ròkè ju ìyẹn lọ."

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́."

"Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀, sà. Tó bá gbọ́ méjì, kò ní mọ èyí tó jẹ́ tilé."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ tan iná yín, kí ẹ lọ dúró síbi òkúta létí odò. Tí ẹ bá rí i, ẹ dì í mú."

Ó lọ, ajá rẹ̀ sì tẹ̀lé e láìwọ aṣọ òjò. Twyla jókòó. Ẹni tí kò bá tíì rí obìnrin yẹn rí ní ọjọ́ ayé rẹ̀ kò ní mọ ohun tí ìjókòó yẹn ná an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́ sáré, ó fi ọwọ́ òsì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ fèrè. Ó ń ronú pé báyìí ni ọkùnrin náà ṣe máa ń wà lójoojúmọ́. Òun á máa lọ, á máa rí igi, á máa rí omi, ìyẹn á wà nídìí ẹ̀wà, kò ní í rí nǹkan kan, kò ní í mọ̀ bóyá òun wà láàyè, ohun tó máa ṣe kò ju pé kó dìde kó tẹ nǹkan yìí lọ, kó tún jókòó. Òun ló máa ń rò pé ìjókòó rọrùn. Ó sunkún nídìí ìtọ́kọ̀ náà, kò sì dá fèrè dúró nítorí ẹkún.

Ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú tán nígbà tí iná Prentiss bẹ̀rẹ̀ sí í mì létí odò. Ajá ń gbó. Twyla fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀, ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rí àwọn méjèèjì nínú ìmọ́lẹ̀ iwájú píkọ́ọ̀pù, Prentiss lábẹ́ apá Burl, Burl ń fa ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, ó tutù, ẹnu rẹ̀ funfun.

Ó dé ojú fèrèsé, ó fi igunpá ti ara rẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi rí èémí mí.

"Twyla," ni ó wí, "o ń tẹ gígùn yẹn jù. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń gbé òkú lọ."

"Níbo lo wà?"

"Mo jókòó sídìí igi kan. Orúnkún yí, mi ò sì mọ ibi tí mo kọjú sí mọ́. Mo ní kí n kúkú jókòó, ìyẹn ṣáà lohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ọ." Ó ṣí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fa aṣọ òjò Twyla yọ láyà, ó ti ká a pọ̀ dáadáa, gbígbẹ ni. "Mo mú aṣọ rẹ wá."

"Kí ló dé tí o ò wọ̀ ọ́? Burl, wo bí omi ṣe ń ro lára rẹ."

"Tìẹ ni," ni Burl dáhùn, bí ẹni pé ìbéèrè náà kò yé e.

Twyla mú un wọlé, ó sì tún di nọ́ọ̀sì: ó bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ó wé e ní búláńkẹ́ẹ̀tì, ó gbé etí lé e láyà. Ẹ̀rọ kékeré náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Prentiss gbé ọbẹ̀ inú agolo wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láìmọ ohun tó yẹ kó sọ, ó wá ní ajá òun ti jẹun. Nígbà tó lọ tán, Burl la ojú.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Òdòdó wà yí ká. Mo pè é ní ọ̀rá bisikíìtì." Burl rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Twyla di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, Burl. Mo jókòó, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Nígbà tí ọkùnrin tó fẹ́ ra ilé onítáyà dé ní ìparí oṣù karùn-ún, Twyla fúnra rẹ̀ ló fi gbogbo kọ̀rọ̀ ilé hàn án. Ìyẹn ní òun á ra píkọ́ọ̀pù náà mọ́ ọn, pé owó gidi lòun máa san. Burl ti ń mi orí pé òun gbà. Twyla ní píkọ́ọ̀pù kò sí fún títà.

Paducah tẹ́ lóòótọ́. Kò sí òkè, kò sí igbó tí wọ́n ń pè ní ọ̀run àpáàdì, èèyàn lè dúró ní ìkángun àdúgbò kó máa wo òrùlé ilé rẹ̀. Ara Twyla kò tíì lélẹ̀, kò sì dájú pé yóò lélẹ̀ láyé. Lọ́sàn-án gbogbo ló ń wọ bàtà rẹ̀ jáde, Burl á dìde lórí àga, á tiro dé ìdí píkọ́ọ̀pù, á tẹ̀ ẹ́. Maxine ti sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, aládùúgbò kan, obìnrin jẹ́jẹ́, wá kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ má bínú, mà. Nítorí họ́ọ̀nù yẹn ni. Ilẹ̀ yìí tẹ́, kò sí bí ẹ ṣe lè sọnù. Ta ni wọ́n ń fọn ọ́n fún?"

"Èmi ni," ni Twyla wí. "Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ dáadáa lọ́dọ̀ yín?"

"À ń gbọ́ ọ gan-an ni, mà. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì etí odò pàápàá sọ pé àwọn ń gbọ́ ọ."

"Ṣọ́ọ̀ṣì," ni Twyla wí. "Mi ò mọ̀ pé ó dé ibẹ̀."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó fún un ní búrẹ́dì àgbàdo mú lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó kọjá rẹ̀ díẹ̀, ó tún padà sẹ́yìn. Ó dúró lábẹ́ igi tó wà níwájú ibẹ̀, ó kọjú sí apá ibi tí ilé wà, ó ń dúró kí ó dún.